Lẹ́ǹsì Fífẹ̀ fún Abẹ́ Omi

Addo, Ajah.

Bọ̀dá Fàtíù,

Ẹ kú àjò, ẹ kú òtútù. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti wálẹ̀, àlùhàmùdùlílà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bá mi jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀.

Ẹ má pariwo lé mi lórí o: mi ò fi owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ra lẹ́ǹsì kámẹ́rà tó ń fa ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán mọ́ra tí ẹ ní kí n rà. Omi ọ̀sà wa dọ̀tí. Béèyàn bá jìnnà sí nǹkan lábẹ́ omi, ìdọ̀tí nìkan ni kámẹ́rà máa yà. Èyí tó ń yàwòrán fífẹ̀ ni mo rà, mo sì wọ omi lọ dán an wò. Mo sún mọ́ ọkọ̀ Bàbá tó ṣì wà létí ọ̀sà débi pé ọwọ́ mi kàn án, síbẹ̀ gbogbo abẹ́ rẹ̀ ló wọ inú àwòrán.

Ẹ wo apá òsì àwòrán tí mo fi sínú lẹ́tà yìí. Ẹsẹ̀ Màámi nìyẹn, nínú omi! Àwọn tí kì í dé etí ọ̀sà mọ́ látìgbà tómi ti gbé Bàbá lọ! Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ rí i pé mo jáde nínú omi láyọ̀ ni. Bí mo ṣe rí wọn nínú omi, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọlọ́hun á mú yín wálé láyọ̀. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi ra bàtà tí wọ́n fi ń wọ omi. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ Màámi ni kí ẹ rà.

Àbúrò yín,
Ràhímátù