Wọn Ò Jẹ́ Kí Hánà Sùn

Ọjọ́ Àìkú, 1 Júùnù 1958

Hánà bí obìnrin ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Orin kún orí afárá pákó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú dé òpin. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Àbúrò mi, Kékeré mi, ti di ìyá ọmọ! Ọlálẹ́yẹ ọkọ rẹ̀ ṣì wà lójú òkun pẹ̀lú àwọn apẹja. Wọn á sọ fún un tí wọ́n bá gúnlẹ̀ ní oṣù kẹjọ.

Ọjọ́rú, 4 Júùnù

Òjò. Omi ti ga lábẹ́ ilé. Hánà ò tíì sùn láti ìgbà tó ti bímọ. Ó ní kò rẹ òun. Ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Àwọn obìnrin ní ayọ̀ ni. Kò dá mi lójú. Ẹ̀yìn ilé ìbímọ tí Hánà wà gan-an ni ẹ̀rọ iná ìlú wà — Baba Kùn-ùn ni èmi àti Hánà ń pè é — kì í sì í panu mọ́. Ta ló fẹ́ sùn níbẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Júùnù

Ìye ń wá sí mi lọ́kàn. Ìye wa, ìyá tó bí wa. Mi ò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Mahintedo la wà nígbà náà, ká tó dé Ayétòrò, ìlú ìjọ wa lórí omi yìí. Ọmọ kékeré ni mí, ṣùgbọ́n ojú mi ti là. Ìye bí Hánà, kò sùn mọ́. Ó ń fọ aṣọ tí kò dọ̀tí, ó ń dá ẹni tí a ò rí lóhùn. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Kí oṣù tó parí, ó rìn wọ inú odò. Ibà ni wọ́n sọ fún Hánà pé ó pa ìyá rẹ̀.

Nígbà tí a dé ibí, wọ́n ní èyí tó ti kọjá ti kọjá. Ọmọ baba kan ni wá, kí ẹnikẹ́ni má gbé ìtàn ilé àtijọ́ wá sí àárín wa. Inú mi dùn nígbà náà. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé ìtàn yẹn kiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Júùnù

Hánà ní ọmọ ò mí. Ọmọ ń mí. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àyà ọmọ. Ó ní ọwọ́ òun ló ń mí.

Ọjọ́ Ajé, 9 Júùnù

Bàbá Mósè wá, alàgbà tó ń ṣe olórí àdúgbò wa. Òpó ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí kì í jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí wọ́n á fi parí rẹ̀. Ó wo Hánà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Èèyàn rere ni. Ó ní ẹ̀mí ìbànújẹ́ ló dì í mú, gbogbo ìlú ni yóò bá a gbé e. Àwọn kan yóò máa kọrin, wọn yóò máa gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí aago bá lù, àwọn mìíràn á gbà á lọ́wọ́ wọn. Hánà náà yóò máa gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti gbé ọmọ lọ sí ilé ọmọ, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ gbogbo ọmọ ìlú pọ̀, kí àkókò rẹ̀ tó tó. Moríkẹ́, olùtọ́jú ibẹ̀, ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ìyà kì í jẹ ẹnì kan ṣoṣo ní Ayétòrò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbí nìyẹn. Èmi náà kúrò nídìí òfì, mo lọ kọrin títí ohùn mi fi há.

Ọjọ́bọ̀, 12 Júùnù

Ojú Hánà ń pa dé lónìí. Wọ́n fi orin jí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Júùnù

Mo lọ bá Òpó. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Mo ní ó ṣe ìyá wa náà rí. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó fi pẹ̀lẹ́ bi mí pé ìyá wo? Ìlú yìí nìkan ni ìyá wa. Ó ní bí mo bá mú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọlé, lọ́la ẹlòmíràn á rántí ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹrú, ẹlòmíràn á dárúkọ ìdílé olè. Ohun tí a sá fún nìyẹn.

Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ajé, 16 Júùnù



Ìrọ̀lẹ́ ni. Aago lù, àwọn akọrin ń jáde, àwọn mìíràn ń bọ̀. Kò sí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Hánà rìn gba orí afárá, ó sì bọ́ sómi. Jùbrílù, oníṣòwò iyọ̀ láti Ugbonla, ń tu ọkọ̀ rẹ̀ kọjá. Ó bẹ́ sódò, ó fà á jáde. Ọlọ́run rẹ̀ á san án fún un.

Mo bi Hánà pé kí ló ń wá. Ó ní:

"Mo ń wá ibi tí kò sí orin."

Òpó wà níbẹ̀. Ó gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Júùnù

Òpó fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì jáde. Ó di ọwọ́ Hánà mú títí a fi dé ilé ìwòsàn lókè odò. Kò gbàdúrà sókè.

Ọjọ́rú, 18 Júùnù

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ó sùn! Ó ń hanrun bí ọkùnrin. Mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

Dókítà béèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú ìdílé rẹ̀ rí. Òpó wò mí. Mo ní, "Ìyá wa ni. Bákan náà gẹ́lẹ́. Odò ló gbé e lọ." Òpó tẹ orí ba.

Dókítà ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní nǹkan kan wà tí a máa ń bí mọ́ èèyàn bí àwọ̀ ara, ó lè wà níbẹ̀ bí ẹ̀yinná lábẹ́ eérú, kó má sì jó ẹni náà títí ayé. Ẹlòmíràn, ìbímọ á mi ara rẹ̀ jìgìjìgì. Àìsùn, ebi, ariwo, ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ — afẹ́fẹ́ ni gbogbo ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́, ilé nìkan kọ́. Ó ní bí ọmọbìnrin yìí bá dàgbà tó lóyún, kí ẹnì kan sọ fún un, kí wọ́n sì máa ṣọ́ oorun rẹ̀.

Mo béèrè nípa ara mi. Ó ní ọmọ mélòó ni mo ti bí. Mo ní n kò tíì bí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Júláì

Hánà jẹ ẹja, ó tún béèrè. Ó mọ̀ mí. Ó ní kí n sọ ti Ìye fún òun, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kó bá a láìmọ̀." Mo ṣèlérí fún un. Wọ́n ní yóò ṣì pẹ́ níbí.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Júláì

Èmi nìkan ni mo padà sílé. Mo lọ tààrà sí ilé ọmọ. Àwọn ọmọ-ọwọ́ wà lórí ẹní, aṣọ funfun kan náà lára gbogbo wọn. Mo ní kí Moríkẹ́ fi ti Hánà hàn mí.

Kò wo ojú mi. Ó ní àwọn àgbà ti ṣèpàdé nítorí ohun tí mo sọ níwájú dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má baà nàka sí ọmọ náà lọ́jọ́ iwájú, wọ́n ti yọ orúkọ ìyá kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún gbogbo àwọn olùtọ́jú kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni èyí tó jẹ́ ọmọ Hánà. Òpó ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó fi omijé bẹ̀bẹ̀.

"Ọmọ Ayétòrò ni gbogbo wọn, arábìnrin," ni Moríkẹ́ wí.

Mo kúnlẹ̀. Mo wá ojú Ìye lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí i. Gbogbo wọn ló ń sùn.