Rédíò Ìyàwó Kékeré

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Bátìrì tuntun wọ inú Ìyàwó Kékeré lónìí. Ìyá mi ló sọ mọ́tò Bàbá lórúkọ yẹn kó tó kú. Ó ní òun ò rí orogún tí wọ́n ń nù láàárọ̀ lálẹ́ bíi tiẹ̀ rí. Mọ́tò ò rìn mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn àti apá ọ̀tún Bàbá. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo máa ń mú un lọ sórí ìjókòó èrò iwájú — awakọ̀ ọgbọ̀n ọdún di èrò — á gbọ́ ìròyìn, á gbọ́ bọ́ọ̀lù, á máa mi orí. Ayé ẹ̀ kù síbẹ̀.

Mo tan rédíò. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí. Nọ́ńbà wo? Bàbá wò mí láti ojú fèrèsé. Mo wo Bàbá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo pe rewáyà, ọkùnrin tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nítorí olè ni ilé-iṣẹ́ ṣe tì í bẹ́ẹ̀: bátìrì bá ti kúrò pẹ́nrẹ́n, rédíò á rò pé wọ́n ti jí òun gbé. Nọ́ńbà mẹ́rin ni. Bọ́tìnnì kìíní fún nọ́ńbà kìíní: tó bá jẹ́ mẹ́ta, kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bọ́tìnnì kejì fún èkejì, títí dé ìkẹrin.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ má kàn máa dán an wò o. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá péré lẹ ní. Tẹ́ ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó di òkúta nìyẹn."

Mo tú gbogbo ilé. Mo rí ìwé ìlò mọ́tò. Eku ti jẹ ojú ewé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Eku tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọjọ́rú, 5

Mo ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe. Ọdún ìbí Bàbá. Ọdún ìbí mi. Ti bọ̀ọ̀dá mi. Rédíò ní kí n dúró fún wákàtí kan, mo dúró, mo tún dán mẹ́ta mìíràn wò. Inú ń bí mi sí nǹkan tí kò tó búrẹ́dì.

Bàbá jókòó sí pálọ̀, ó kọjú sí ògiri. Ó ń fi ìka ọwọ́ òsì lu apá àga láti orí ọmọńdinrín wá, kò dáwọ́ dúró. Kò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ó ṣì ń lu àga. Orí ń fọ́ mi. Mo fi tìmùtìmù sábẹ́ ọwọ́ ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Bọ̀ọ̀dá mi wá. Ó ní mọ́tò tí kò rìn, rédíò tí kò sọ̀rọ̀, kí la wá ń tọ́jú ẹ̀ fún? Ó ti rí ẹnì kan tó ń ra mọ́tò àlòkù láti tú u palẹ̀. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọkùnrin náà máa wá gbé e. Mo ní mọ́tò Bàbá ni. Ó ní, "Ṣé Bàbá sọ pé rárá ni?"

Níbo ni Bàbá ti fẹ́ rí ẹnu sọ pé rárá? Ó dùn mí pé mi ò fèsì.

Ọjọ́ Ajé, 10

Rewáyà yá mi ní wáyà méjì tó tẹ̀ kọdọrọ. Mo kì wọ́n bọ àwọn ihò etí rédíò, mo fà á, ó jáde bíi dúrọ́ọ̀. Mo da nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ kọ, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ta irú mọ́tò náà. Obìnrin ibẹ̀ níwà. Ó ní rédíò náà ti gbó jù, wọ́n á kọ̀wé sílé-iṣẹ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo délé, mo dá rédíò padà sáyè ẹ̀. Mo dán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mìíràn wò, oríkunkun lásán.

Ẹ̀ẹ̀kan ló kù.

Ọjọ́rú, 12

Bàbá ń wo mọ́tò láti ojú fèrèsé. Síbí mẹ́rin ló jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo yọ tìmùtìmù láti fọ aṣọ ẹ̀. Bí mo ṣe yọ ọ́, ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀. Mo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ tìmùtìmù lọ́wọ́, mo kàn ń kà á ṣá. Ọmọńdinrín lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìka àárín lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí a fi ń tọ́ka lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó sinmi. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Bákan náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, bákan náà.

Ìka mẹ́rin. Bọ́tìnnì mẹ́rin.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló ti ń sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo fi tìmùtìmù dí i lẹ́nu.

Mo mú un lọ sínú mọ́tò. Mo lè tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ni ín. Mo fi ọwọ́ ẹ̀ lé àwọn bọ́tìnnì. Ó tẹ̀ ẹ́, kò tiẹ̀ wò ó. Ọkùnrin kan ń sọ nínú rédíò pé òjò á rọ̀ lọ́la. Bàbá yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀, kì í fẹ́ ariwo. Ó wá wò mí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Mo pe bọ̀ọ̀dá mi. Kò gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Wọ́n dé, bọ̀ọ̀dá mi àti ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò. Wọ́n bá Bàbá nínú ẹ̀, bọ́ọ̀lù ń lọ lórí rédíò. Ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra ẹ̀ látinú. Bọ̀ọ̀dá mi kan gíláàsì, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Bàbá tó kórìíra ariwo na ọwọ́ òsì, ó yí ohùn rédíò sókè títí tí gíláàsì fi ń gbọ̀n.

Ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò wo bọ̀ọ̀dá mi. Ó ní ó jọ pé bàbá ti fèsì.