Ẹ̀wọ̀n Tó Wà Láàárín Katakata àti Lọ́rì

(Èmi Tíṣà tó háyà yàrá iwájú ni mò ń kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n yín ló ń sọ ọ́, torí wọn ò mọ̀wé kọ. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ yọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀.)

Ilé tó wà lórí òkè,
Ọ̀nà Oko.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Ó pé ọdún mẹ́ta tí mo ti béèrè wọn kẹ́yìn, má bínú. Mo pè ọ́ lánàá nígbà mẹ́tàlá, o ò gbé e. Mi ò bá ọ wí.

Ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Lọ́rì tó wá kó àgbàdo mi yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà lánàá, ó há sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ilé Màmá ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Mo ní kò le. Mo fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ katakata tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa. Tíṣà ní kí n kọ́kọ́ já ẹrù, kí n sì fi òkúta ti táyà katakata lẹ́yìn, torí bí mo bá ṣe ń fa lọ́rì ni lọ́rì náà á ṣe máa fà mí, agbára kan náà gẹ́lẹ́. Ẹni tí ilẹ̀ ò bá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ni yóò yọ̀ lọ. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló jókòó sórí ẹ́ńjìnnì, èmi àbí lọ́rì? Ohun tí à ń fà kì í fani.” Awakọ̀ lọ́rì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ fà á ká wò ó.”

Mo fà á. Ilẹ̀ rọ̀. Táyà ń yí síwájú, ẹ̀yìn ni katakata ń lọ. Nígbà tó fi máa dúró, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló kù sí etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo bẹ́ sílẹ̀. Látìgbà náà ni ẹ̀wọ̀n ti le gan-an bí okùn ọrùn ewúrẹ́ alágídí. Bí a bá tú u, lọ́rì á lọ sórí ilé. Bí òjò bá rọ̀, àwọn méjèèjì á jọ lọ ni. Kò sẹ́ni tó tó gòkè lọ já ẹrù mọ́.

Màmá ò sì jáde. Wọ́n ní ẹni tó gbé lọ́rì sórí àwọn ni kó wá gbé e kúrò. Mo ní kí n gbé wọn pọ̀n, wọ́n fi ọ̀pá na ọwọ́ mi. O mọ ibi tí mo ti rí agídí. Ojú ọ̀run ti ṣú láti àárọ̀.

Jọ̀ọ́, bẹ ọ̀gá rẹ, kó o gbé ọkọ̀ agbẹ́rùsókè tí ò ń wà wá. Ìwọ nìkan sì ni Màmá máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fà ọ́ pé kó o padà sóko, tí ìwọ náà ń fà mí pé kí n kó Màmá wá sí ìlú. Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń fà. Ẹsẹ̀ mi ti yọ̀, àbúrò. Bí o bá ti gbé lọ́rì yìí kúrò, èmi àti Màmá á di ẹrù wa, a ó tẹ̀ lé ọ. Mi ò ní jiyàn. Ṣáà wá kójò tó dé.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tó dúró ti ẹ̀wọ̀n.

Ìka àtàǹpàkò Ẹ̀gbọ́n: ●
Ẹlẹ́rìí: Tíṣà yàrá iwájú.
Ẹlẹ́rìí kejì: Awakọ̀ lọ́rì, tó ń fi alùpùpù gbé lẹ́tà yìí bọ̀.

(Ẹ má bínú pé tàdáwà ìka náà ràn. Òjò ti ń kán.)