Ẹ̀rọ Tí Kì í Jẹyọ̀

Songon, Abidjan,
Ọjọ́ Àìkú.

Rufaidah ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ẹ gbé ní Niangon, ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara mi le díẹ̀, mo dúpẹ́, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Ka lẹ́tà yìí sókè kí ìyá rẹ gbọ́, nítorí bí mo bá pè é lórí fóònù, "ọmọ wà lọ́wọ́ mi" ló máa ń sọ, á sì pa á.

Ẹ rántí ẹni tí mo jẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo wọ̀ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, orí àpò àlùbọ́sà ni mo jókòó sí tí mo fi dé ìlú yìí. Mo ru ọṣẹ kiri Adjamé títí irun àárín orí mi fi kọ̀ tí kò hù mọ́. Ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ní Treichville. Nígbà ìjà ìlú, wọ́n jó ìsọ̀ mi, ọṣẹ yọ́, ó ṣàn dé títì bí ẹ̀kọ. N kò sunkún. Èmi tó jẹ́ pé ara páálí ọṣẹ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, èmi náà ni mo kọ́lé sí Songon, tí mo gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, tí mo sì ra adoucisseur, ẹ̀rọ tí ń mú omi tó le rọ̀. Ta ló ní irú ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ mi?

Iyọ̀ ni ẹ̀rọ yẹn fi ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni mo ti da iyọ̀ kún inú garawa rẹ̀, kò sì dínkù. Mo ń fi yangàn ní mọ́sálásí pé tèmi kì í jẹyọ̀, ó mọ ìṣúná bí olówó rẹ̀. Àmọ́ ìyá rẹ ń ráhùn. Ara ń yún un, ìbòrí funfun rẹ̀ ti di aláwọ̀ eérú, nǹkan funfun bí ẹfun sì ti dì mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Mo ní irọ́ ni. Mo bu omi sínú ike, mo da ọṣẹ oníyẹ̀fun sí i, ó hó kọjá ẹnu ike. Mo ní, "Ṣó o rí i?" Ó ní, "Alhaji, ẹ̀yin ọlọ́ṣẹ! Èyí á hó nínú omi òkun pàápàá. Ẹ fi ọ̀pá ọṣẹ wò ó." Mo da omi ike náà nù. Ìgbà tó di ẹrù rẹ̀ tán láti wá sọ́dọ̀ yín, ó yíjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀rọ tí kì í jẹun, ṣé ó lè ṣiṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ n sinmi. Ilé tóbi, kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì mo ṣí garawa iyọ̀. Lójú, ó kún. Mo mú ọmọrogùn ìyá rẹ, mo gún un. Gbì! Ọwọ́ mi wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Òkè iyọ̀ ti dì bí òkúta, ìsàlẹ̀ ṣófo, omi kò kan iyọ̀ rárá. Mo gún un fọ́ wẹ́wẹ́ fúnra mi, n kò pe Mamadou tó bá mi to ẹ̀rọ náà. Èjìká ṣì ń dùn mí. Mo tẹ bọ́tìnnì tó fi ń fọ ara rẹ̀, mo dúró tì í títí ó fi kùn tán.

Mo wá bu omi kànga sínú ìgò kan, omi ẹ̀rọ sínú èkejì, mo ha ọ̀pá ọṣẹ díẹ̀ sí wọn, mo mì wọ́n. Omi kànga fúnra rẹ̀ di funfun bí ẹ̀kọ mímu, ìdọ̀tí léfòó. Omi tó gba inú ẹ̀rọ hó dáadáa, ìfófòó rẹ̀ dúró, ìsàlẹ̀ mọ́ bí díńgí. Mo fi ṣe àlùwàlá, ọwọ́ mi ń yọ̀ bí ẹja.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, màá gbé kẹ́ẹ̀gì omi náà wá sí Niangon. Kí ìyá rẹ mú ìbòrí rẹ̀ àti ọṣẹ tó bá wù ú, kó fọ̀ ọ́ lójú gbogbo yín. Bó bá mọ́, kó tẹ̀lé mi lọ sílé. Bí kò bá mọ́, ẹ tẹ́ ẹní fún mi, nítorí n kò ní dá nìkan padà sí Songon.

Ọlọ́run á mú ayé rọ̀ fún yín. Àwọn ọmọ yín á tọ́jú yín.

Èmi ni bàbá tó bí ẹ,
Alhaji Abdul-Ganiyu.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo tún ṣí garawa wò kí n tó lẹ lẹ́tà yìí. Iyọ̀ ti wálẹ̀. Sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀rọ ti ń jẹun. Èmi ni n kò tíì jẹun gidi látìgbà tó ti lọ.