Fọ́ọ̀mù Olójú Méjì

Kílódé, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó dá ọ kò ní gbàgbé rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní sú ọ. Àlàáfíà ni a wà. Ìyá rẹ ní kí n má ṣe kọ ọ̀rọ̀ fóòmù sínú lẹ́tà yìí, nítorí náà òun ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé nǹkan funfun kan ti ń bo ojú ọ̀tún mi, débi pé mo fi òòlù lu àtàǹpàkò mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Dókítà ilé ìwòsàn ní àwọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí n lọ bá akọ̀wé lójú fèrèsé. Akọ̀wé kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní fọ́ọ̀mù ti tán lọ́dọ̀ àwọn, kí n lọ wá a níta, olójú méjì ni, kí n rí i pé ó kún dáadáa, kí àlàfo kankan má ṣẹ́kù, kí n mú un bọ̀ lọ́la.

Èmi tí mo ti ń ṣe àga fún ogójì ọdún, ta ni yóò kọ́ mi ní fóòmù? Mo rò pé fóòmù tí wọn yóò tẹ́ mi lé lórí ni. Mo fẹ́ béèrè pé ínṣì mélòó, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń pòṣé, ojú sì tì mí. Mo gé oníínṣì mẹ́rin, mo rán aṣọ sí i lójú méjèèjì, búlúù lójú kan, pupa lójú kejì, mo sì ki òwú sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí àlàfo má baà ṣẹ́kù.

Bí mo ṣe rù ú wọlé báyìí, ẹ̀rín bú. Akọ̀wé béèrè bóyá mo fẹ́ kó wá síbẹ̀ ni. Ẹnìkan ní ìrọ̀rí ńkọ́, mo ní wọn kò sọ ti ìrọ̀rí fún mi, ni wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín.

Mo yíjú sílé, mo ní kí ojú náà kúkú fọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní kí òun lọ dúró ní tíátà, òun sì kun ètè lọ síbẹ̀, òun rò pé àwọn eléré ló dé, àṣé yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó wá bi akọ̀wé bóyá ó sọ fún mi pé ìwé ni. Akọ̀wé wo ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá ìwé náà jáde, ó ń kà, mò ń dáhùn. Ó béèrè ẹni tó sún mọ́ mi jù. Mo ní télọ̀ ni, ìṣísẹ̀ méje péré ló wà láàárín ilé wa. Ó gbé ẹ̀rín mì, ó ní ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣe mí ni. Mo ní ìwọ ni. Ó wá béèrè iṣẹ́ tí ìwọ ń ṣe.

Ibẹ̀ ni mo ti ní kó fi àlàfo náà sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé o ń tẹ kọ̀ǹpútà, mo sì mọ̀ pé inú àwọsánmà ni ẹ ń kó iṣẹ́ yín pamọ́ sí, àyà mi sì máa ń já bí òjò bá ṣú. Lọ́dún tó kọjá tí mo bi ọ́ bóyá òjò kì í wẹ̀ wọ́n dànù, o ní, Bàámi, ẹ fi í sílẹ̀, kò lè yé yín. N kò bínú. Àmọ́ n kò béèrè mọ́.

Ìwọ tí a sọ ní Kílódé. O kò tíì ga tó tábìlì iṣẹ́ mi nígbà tí o béèrè ìdí tí pákó fi ń sán. N kò mọ̀ ọ́n. Mo dáwọ́ iṣẹ́ dúró, a rẹ pákó kan sínú omi, a sá èkejì sóòrùn, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko la fi ń wọ̀n wọ́n. Ìbéèrè rẹ ló jẹ́ kí n mọ iṣẹ́ ara mi.

Àlàfo kan yẹn ló kù. Nọ́ọ̀sì ní òun lè kọ òṣìṣẹ́ síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò wádìí rẹ̀. Mo kọ̀. Mo ní kó dúró di Ọjọ́rú. Jọ̀ọ́, kọ èsì fún awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, ó ń padà bọ̀ lọ́la. Má fi fóònù sọ ọ́, fóònù máa ń mú ọ kánjú. Bí owó bá wà, fi ti fóòmù kan kún un. Èyí tí hẹdimásítà gbé wá fún àga rẹ̀ ni mo gé, ó sì ti wà lórí àga akọ̀wé báyìí.

Ibikíbi tí o bá ti béèrè ọ̀nà, wọn kò ní rẹ́rìn-ín sí ọ. Bí ojú yìí bá là, èsì rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi í kà. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, rọra ṣàlàyé. Kí ló dé tí òjò kì í fi í wẹ̀ wọ́n dànù?

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.