Ìdí Tí N Kò Fi Wá Gbé Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ tuntun tí mi ò tíì fojú kàn. Mo lérò pé ara yín le, pé ọmọ ń mu ọmú dáadáa, pé ẹ̀yin náà sì ti ń rí oorun sùn díẹ̀díẹ̀. Èmi náà wà láàyè. Ìjókòó mẹ́ta ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé ó ti rẹ̀ mí, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn máa ń sùn kó lọ. Bí o bá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi yí padà láàárín, má fòyà, ẹnì kan náà ló kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. Ọmọ rẹ ti pé oṣù márùn-ún, èmi ìyá rẹ kò yọjú. Gbogbo ìgbà tí o bá pè mí ni mò ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀ nílé búrẹ́dì, pé ọ̀gá kò fún mi láyè. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, o ní, "Ó dáa, Màámi, ẹ máa bá búrẹ́dì yín lọ," o sì pa fóònù. Mi ò bá ọ wí. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ọjọ́ tí ọ̀gá gbọ́ pé o bímọ gan-an ló ti ní kí n máa lọ. Ikọ́ ni kò fún mi láyè.

O mọ iṣẹ́ mi. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń dúró sẹ́nu ààrò yẹn. Igi la fi ń dáná rẹ̀, bí a bá sì ti ṣí ilẹ̀kùn irin rẹ̀, èéfín ló máa ń kọ́kọ́ jáde kí òórùn búrẹ́dì tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún tó kọjá, mo wúkọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní àràárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń pè é ní ikọ́ ààrò, bí ẹni pé ará ilé ni. Tọ́dún yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀fìnkìn, lọ́sẹ̀ tí o bímọ. Ọ̀fìnkìn lọ, ikọ́ jókòó. Àyà mi ń dún fíì-fíì bí mo bá ń mí, bí mo bá sì gbé páànù búrẹ́dì láti ẹnu ààrò dé orí tábìlì, àfi kí n di tábìlì mú kí èémí mi tó padà wálé.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ìkòríta. Kò tiẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán tó fi na kápúsù sí mi, èyí tí ìdajì rẹ̀ pupa. Mo lò ó tán, mo padà lọ gba òmíràn, mo tún gba ẹ̀kẹta. Inú mi dàrú, oúnjẹ kò wọlé mọ́, ikọ́ kò sì mọ̀ pé mò ń ṣe nǹkankan.

Ó wá di ọjọ́ kan, mo rí i pé wọ́n ti yọ ife mi kúrò láàárín ife àwọn yòókù, wọ́n gbé e sórí fèrèsé lóun nìkan. Obìnrin kan wà tí a jọ ń po ìyẹ̀fun láti ọdún mọ́kànlá, Ẹ̀rín-ò-tán là ń pè é, torí kò sí ohun tí kò lè fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, kò lè wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí ikọ́ ife, èyí tó ń ràn yẹn, ṣe mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìyí. Ọmọ kékeré wà nílé mi ni." Mi ò bínú. Ìwọ ni mo rántí, nítorí ọmọ kékeré wà nílé tìrẹ náà.

Nígbà tí mo délé, mo tú ẹrù tí mo ti dì láti wá bá ọ. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe ni kí n lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì. Mi ò lọ. Mò ń sọ lọ́kàn mi pé bí wọn ò bá tíì sọ ọ́ fún mi, kò tíì jẹ́ òótọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń fi ìborùn bo ẹnu, mò ń jẹun lẹ́yìn ilé, mò ń purọ́ fún ọ lórí fóònù. Bí o bá ń wá ohun tó rẹ̀ mí, òun nìyẹn. Ikọ́ gan-an kò rẹ̀ mí tó o.

Ẹnu ààrò ni mo ti ṣubú. Ọ̀sán gangan ni, mo ṣí ilẹ̀kùn, èéfín bò mí, mo sì wá èémí tì. Wọ́n ní ètè mi ti dúdú. Ẹ̀rín-ò-tán tó yọ ife mi sọ́tọ̀ náà ló sáré gbé mi, tó fi èjìká ara rẹ̀ gbà mí dé ọsibítù, tó sì jókòó tì mí títí wọ́n fi fi atẹ́gùn sí mi nímú. Ó ń bẹ̀rù mi, ó ń sunkún, kò sì lọ.

Dókítà tó rí mi kéré sí ọ. Ó bi mí bóyá mò ń mu sìgá, mo ní mi ò fẹnu kàn án rí. Ó wo àpá iná tó wà lápá mi, ó bèèrè iṣẹ́ mi, mo sọ fún un. Ó ní, "Màmá, ẹ ti mu sìgá o. Ààrò ló ń bá yín mu ún." Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi sínú ike kékeré, wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan títí kò fi sí nǹkankan nínú mi mọ́. Mo dúró de èsì fún ọjọ́ mẹ́rin. Má bi mí bí mo ṣe lo ọjọ́ mẹ́rin yẹn.

Kì í ṣe ikọ́ ife. Dókítà mú bírò, ó ya igi tó dorí kodò sẹ́yìn káàdì mi. Ó ní ìtì rẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀fun, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni ojú ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Inú àwọn ẹ̀ka náà ló wú, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì dí i. Bironkáítíìsì lorúkọ rẹ̀. Ó ní èyí tó ń dé lójijì wà, tí kòkòrò àìfojúrí bíi ti ọ̀fìnkìn sábà máa ń fà. Ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìsinmi àti omi mímu ló sì ń fẹ́, kápúsù tí mò ń gbé mì kì í sábà ràn án lọ́wọ́. Tèmi ni èyí tó ti pẹ́ lára, tó ń padà wá lọ́dọọdún, èéfín ló sì ń bọ́ ọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi: "Ṣé ó lè ran ọmọ ìkókó?" Ó ní èyí tó ti pẹ́ lára kì í ràn, àmọ́ bí mo bá ní ọ̀fìnkìn, kí n jìnnà sí ọmọ títí yóò fi lọ. Mo sunkún níwájú ọmọdébìnrin yẹn débi pé ó dìde wá di ọwọ́ mi mú.

Mo wá bèèrè ìgbà tí yóò lọ. Ó ní, "Kò ní lọ tán, Màmá. Ṣùgbọ́n a lè mú kó rọlẹ̀." Ó fún mi ní oògùn ìfàsímú kan, tí mò ń tẹ̀ sẹ́nu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí mò ń fà wọnú, tí mò sì ń di èémí mú. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń su ẹnu pọ̀ láti mí síta, bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Mò ń rìn lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá yí àwọ̀ padà tàbí ibà bá mú mi, kí n wá lọ́jọ́ náà, àwọn ni yóò mọ̀ bóyá ó tó kápúsù. Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí n kúrò lẹ́nu ààrò, kí n má padà síbẹ̀ mọ́.

Mo ti kúrò. Iwájú ilé búrẹ́dì ni mo wà báyìí, mò ń fi ọ̀rá di búrẹ́dì tí ẹlòmíràn yan. Ẹni tó gba ipò mi ń jó ìdí búrẹ́dì. Mò ń rí i, mo sì ń dì í lọ bẹ́ẹ̀. Ara mi ti fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ ọkàn mi ṣì ń rìn lọ sẹ́yìn, sídìí ààrò, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Ẹ̀rín-ò-tán náà ti ń wúkọ́. Ó ní ikọ́ lásán ni, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́bọ̀ ni mo fà á lọ́wọ́ lọ bá dókítà yẹn, mo sì jókòó tì í. Èmi àti òun ti wá ń bẹ ọ̀gá pé kó ṣe ihò èéfín tó ga fún ààrò náà. Ó ní òun ń rò ó. A ó máa bẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rò ó tán.

Dárí jì mí, ọmọ mi. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń bà mí, kí o lè bá mi bẹ̀rù. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ọ́ ni, mi ò mọ̀ pé ńṣe ni mò ń fi ọ́ sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èémí yín wọ́n yín. Kí ọmọ yìí dàgbà sí ọ lọ́wọ́, kó máa ṣeré, kó máa sáré, kó má sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọsibítù. Kí ilé rẹ tòrò, kí ọwọ́ ọkọ rẹ má ṣófo.

Èmi ni ìyá rẹ tó pẹ́ kó tó sọ òótọ́.

Àfikún: Ọkọ rẹ sọ fún mi pé àjà kẹta lẹ̀ ń gbé, pé àtẹ̀gùn méjìdínláàádọ́ta ló wà níbẹ̀. Mo ti ń gun ti ilé ìwé tó wà nítòsí wa láti fi dánra wò. Lánàá, mo gun méjìlélógún kí n tó jókòó. Mò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá dé, má sọ̀ kalẹ̀ wá gbé mi. Gbé àga kan sí ìdajì ọ̀nà fún mi, kí o wá gbé ọmọ dúró lókè, níbi tí mo ti lè máa wò ó bí mo bá ń sinmi.