Dúró Ló Ṣe É

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Òkúdu 2025. Sakété.

Màmá gbé pọ́tábù Dúró, fóònù rẹ̀, lé mi lọ́wọ́ kí n wá fọ́tò kan tó dáa nínú rẹ̀, èyí tí a máa tẹ̀ fún ìsìn ìrántí. Dúrótìmí, àbúrò mi kan ṣoṣo. Lẹ́yìn Àjíǹde ni alùpùpù yọ̀ mọ́ ọn nídìí nínú òjò, lójú ọ̀nà Pobè. Kò sẹ́ni tó tan ẹ̀rọ yẹn láti ìgbà náà.

Mo tàn án. Ìka mi kan ibi tí kò yẹ kó kàn – eré tó máa ń ṣe ló ṣí. Ọkùnrin kékeré kan dúró níwájú ilé kan, ó gbé ọrun ìtafà kọ́ èjìká. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, ọ̀rọ̀ ti ń já wọlé: "Dúró! O ti dé! Níbo lo wà látọjọ́ yìí?"

Mo pa á. Mo ti ìsọ̀ ìránṣọ mi. Aṣọ ìyàwó tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà lọ́la, n ò parí ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 7.

N ò tíì sọ fún Màmá.

Ajé, 9.

Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì. Mo tún ṣí i. Àwọn tó ń ṣe eré náà tò sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ bí àwọn oníbàárà mi ṣe máa ń tò nígbà tí Kérésì bá ku ọ̀la. Ọrun ni iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Òun ló ń ṣe é, àwọn ló ń rà á, wúrà inú eré ni wọ́n fi ń sanwó. Ẹnì kan bi mí: ṣé o ti padà síṣẹ́? Mo tẹ̀ ẹ́: "Bẹ́ẹ̀ ni."

Kí ló dé tí mo fi tẹ̀ ẹ́? N ò mọ̀. Ó dà bíi pé tí mo bá ti sọ ọ́, á jẹ́ òótọ́ fúngbà díẹ̀.

Mo wọ ọjà wọn. Àwọn ọrun rẹ̀ kún orí àtẹ àwọn ẹlòmíì, wọ́n sì kọ ọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: *Dúró ló ṣe é*. Ọrun kan náà – ẹnì kan pè é ní irinwó wúrà, ẹnì kan ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Orí mi dàrú. Mo pe Séverin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún pọ́tábù ṣe ní Pobè, òun ló kọ́ ọ ní eré náà. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹnu lásán ni. Iye tí ẹni tó rà kẹ́yìn san ni kí ẹ wò." Ó ní ọjà máa ń gbówó lórí ní Àbámẹ́ta tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wà nílé, á sì wálẹ̀ ní Ajé. Ó ní tí ariwo lásán bá ti sọ pé nǹkan tuntun ń bọ̀, gbogbo ayé á sáré ta tiwọn.

Mo mọ ìyẹn. Aṣọ tí mo rán fún Àjíǹde, ta ló máa rà á ní iye yẹn lẹ́yìn Àjíǹde?

Ọjọ́bọ̀, 12.

Ọmọbìnrin kan, Sabine, ní Kútọnú: "Kí ló dé tó o ń ṣe jẹ́jẹ́? Tẹ́lẹ̀, o máa bú mi kó o tó kí mi." N ò mọ èébú wo ló máa ń bú u. Mo kọ ọ́ pé ó rẹ̀ mí.

Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ó kéré tán.

Àbámẹ́ta, 14.

Séverin gun alùpùpù wá láti Pobè. Kò mu omi tí mo gbé fún un. Láti òní lọ, Ẹnu-Oyin ni mo máa pè é nínú ìwé yìí.

Ohun tó sọ rèé. Nígbà kan, àwọn tó ni eré fi àṣírí ọrun yẹn ta oníṣẹ́ mẹ́ta péré lọ́rẹ, wọn ò sì fún ẹlòmíì mọ́. Ọ̀kan ti pa eré tì. Wọ́n lé ìkejì jáde nítorí ojóró. Dúró nìkan ló kù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé kò sí mọ́, owó ọrun kan á tó ti mẹ́wàá. Torí náà, ẹ má tíì sọ. Ẹ jẹ́ ká rà wọ́n jọ ná, lórúkọ ẹ̀. Ẹni tó ń ra iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ padà, ta ló máa fura sí i?"

Òun á kó wúrà rẹ̀ wá, èmi ni pọ́tábù wà lọ́wọ́ mi. Tí a bá tà wọ́n tán, ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń lo iná ni tèmi. Ó mọ̀ pé ojú mi wà lára rẹ̀. Dúró ló sọ fún un.

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. N ò ní rárá. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn báyìí – n ò ní rárá.

Àìkú, 15. Pobè.

Ìsìn. Ẹnu-Oyin ló bá Màmá gbé àga, ó nù ún kí Màmá tó jókòó. Màmá súre fún un. Mo wo ilẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 17.

A ti ń rà á. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò fẹ́ tà á lówó pọ́ọ́kú. Ẹnu-Oyin pè: kí n kọ ọ́ síta pé Dúró máa ṣe ogójì tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Mo kọ ọ́.

Kí n tó fi búláòsì tó wà lọ́wọ́ mi kọ́ ìṣó, àwọn kan ti ń kó tiwọn jáde. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún di ẹgbẹ̀ta. Ẹgbẹ̀ta di irinwó. Lẹ́yìn náà, igba. Kò sóhun tó ṣe ọrun náà, ẹ̀rù ló ń lé wọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo, lórúkọ òkú. Mo ń rà á bí olè.

Ọjọ́rú, 18.

Ó tún wálẹ̀. Mo tún rà.

Ọjọ́bọ̀, 19.

Ṣàmsídéènì, ará Àjàṣẹ́, ta méjèèjì tó ní. Òun ni Dúró máa ń bá sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ wọn àtẹ̀yìnwá, àwàdà lásán ni, èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí. Ó kọ ọ́ lónìí: "Mo ta àwọn ti tẹ́lẹ̀ torí ìwọ lo sọ ọ́. Tuntun tó o bá ṣe ni mo máa rà."

Torí ìwọ lo sọ ọ́.

Mo rán apá aṣọ ní òdì. Mo tú u. Mo tún rán an ní òdì. Oníbàárà bi mí bóyá ibà ló ń ṣe mí.

Àbámẹ́ta, 21.

Ṣàmsídéènì fi ohùn ránṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kólòlò. Khadidja ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, obìnrin. "Ọjọ́bọ̀ la máa sọ ọ́ lórúkọ. O ṣèlérí o, Dúró! O ní ọjọ́ tí mo bá ń sọmọ lórúkọ la máa fojú kan ara wa. Má dà mí."

Wọn ò tíì ríra rí. Ó ń retí ẹni tó wà nínú ilẹ̀ ní Pobè.

Mo da aṣọ bo ẹ̀rọ, mo jókòó.

Àìkú, 22. Pobè.

Mo sọ fún Ẹnu-Oyin lẹ́yìn ìsìn pé mo fẹ́ sọ òótọ́. Ó ní kí n dúró di Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ìgbà tí ọjà máa kún. Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ. Ó pariwo, ohùn rẹ̀ sì ṣẹ́:

"Ṣé ẹ rò pé èmi ò sunkún ni? Èmi ni mo gbé e kúrò lójú títì! Ohun tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe rèé. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn àjèjì jẹ ẹ́ gbé ni?"

Lóòótọ́, òun ló gbé e. Èmi ni mo fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

N ò lè pè é ní Ẹnu-Oyin mọ́. Séverin.

Ajé, 23.

Òjò látàárọ̀. Mo rò ó, rò ó.

Ìṣẹ́gun, 24.

Mo ti ṣe é.

Gbogbo ọrun tí a rà, mo kó wọn padà sórí àtẹ Dúró. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà wọ́n, ẹnì kọ̀ọ̀kan: wá gba tìrẹ ní iye tó o tà á, má tíì bi mí nídìí. Mo rò pé wọ́n á sáré wá. Áà! Ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ẹni tó ń dá ọjà padà, wọ́n rò pé ó ti rí nǹkan tí àwọn ò rí. Ọ̀kan ní bóyá ó ń bọ̀ wá di ọgọ́rùn-ún. Mo bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó bínú lọ sílé bàbá rẹ̀. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, àwọn méjì ti Ṣàmsídéènì nìkan ló kù, kò wọlé wá. Wúrà Séverin, mo dá a padà fún un pátá.

Nígbà náà ni mo kọ ọ́ síta gbangba: "Dúrótìmí kú lẹ́yìn Àjíǹde. Èmi Victorine, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Mo parọ́ pé ó máa ṣe ogójì. Kò lè ṣe ẹyọ kan mọ́."

Wọ́n kà á. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé síwájú ilé rẹ̀, wọ́n ń kó ohun ìjà wọn sílẹ̀. Nínú ọjà, lákòókò yẹn gan-an, ọrun rẹ̀ ń gun òkè: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ṣé àwọn èèyàn kan náà ni? N ò mọ̀.

Sabine bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Ọjọ́ tó rẹ̀ ọ́ yẹn, ṣé ìwọ ni?"

Ọjọ́rú, 25.

Séverin pè. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó gé ìpè náà.

Mo pe Ṣàmsídéènì fúnra mi. Mo sọ ọ́. Ó ní, "Ìnnà lílláhì." Lẹ́yìn náà: "Ta ló wá ní kí n ta ọrun mi?" Mo ní èmi ni. Ó gé e. Mo tún pè, kò gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 26. Àjàṣẹ́.

Mo wọ takisí lọ. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo rán ẹ̀wù ọmọ kékeré kan, mo dì í mọ́ àyà, mo dúró lẹ́nu géètì láàárín àwọn àlejò títí ojú Ṣàmsídéènì fi kàn mí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó wò mí, ó wò mí.

"Ojú yín jọ tiẹ̀ nínú fọ́tò."

Kò ní ẹ káàbọ̀. Mo sọ fún un pé ọrun rẹ̀ méjèèjì ṣì wà, kó wá gbà á. Ó ní òun ò fẹ́ fojú kàn wọ́n.

Khadidja jáde sí wa pẹ̀lú ọmọ lápá. Ó gba ẹ̀wù náà, ó dúpẹ́. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ ti gbé e fún wọn gbọ́?" Ọkọ mi orí. Ìyàwó gba pọ́tábù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Dúró. Ó kún gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jà, ó ní àwọn ará Àjàṣẹ́ ahun ni wọ́n, wọ́n á ná nǹkan títí ẹni tó ń tà á á fi hu ewú. Ṣàmsídéènì kọjú sí ògiri. Ó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn ọdún mẹ́rin. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí n wá jókòó, kí n jẹun.

Ẹtì, 27. Pobè.

Mo jókòó ti Màmá, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, irọ́ mi pẹ̀lú. Kò bú mi. Ó ní, "Gbé ohùn ẹ̀ kí n gbọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí.

"Ta ló ń bá jà?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ń ná ọrun."

"Èló ló pè é?"

"Ẹgbẹ̀rún."

"Èló nìyẹn san?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún."

Màmá pòṣé. "Ó ti rọ̀ jù. Mo kọ́ ọ, mo kọ́ ọ, kò gbọ́." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú, kí ó tó di ẹkún. Kò sì gbé e kúrò létí.

Ó ní kí n tún un gbé.